Ọgọ́rùn-ún Ebè

Orí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni obìnrin náà jókòó sí. Òun ló bá wa mú ọmọbìnrin tó ń tọ́jú àwọn ìbejì wa wá láti abúlé wọn. N kò tíì kí i tán tó fi na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ní ẹ fẹ́ ẹni tí yóò máa bá yín gbé ọmọ. Ìyẹn, ọ̀kan. Ó ń fọ aṣọ ọmọ. Ìyẹn náà bọ́ sí i, a ò jà. Ó ń fọ aṣọ tiyín. Ó ń fọ ti ìyàwó yín. Ó ń pọn omi. Ó ń gbálẹ̀ ilé. Ó ń gbálẹ̀ ìta. Ó ń gbé ata lọ sí ẹ̀rọ. Ó ń se oúnjẹ alẹ́. Ó ń fọ abọ́. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n bọ́ bàtà mi, nítorí ìka ọwọ́ mi ti tán. Mọ́tò yín ń bẹ níbẹ̀ tó ń fọ̀, ọjà ìyàwó yín sì ń bẹ níwájú ilé tó ń bá wọn tà."

Ẹ̀rín ì bá pa mí, bí kì í bá ṣe ohun tó gbé e wá. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni Kẹ́hìndé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò, ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná nínú ilé ìdáná wa. Ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ omi ọ̀hún kalẹ̀ lórí iná ni, ìyàwó mi sì pè é pé kó sáré wá dá oníbàárà lóhùn níta. Kó tó padà wọlé, igbe ti ta. Wọ́n tọ́jú ọwọ́ ọmọ nílé ìwòsàn, wọ́n dì í, wọ́n ní kí á máa dúpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní kí ọmọ ọlọ́mọ di ẹrù rẹ̀. Ọmọ ọdún 19 ni. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Oníṣẹ́ méjìlá ni mo pè ní ọ̀lẹ o!

Mo bi obìnrin náà léèrè pé kí ló fẹ́ kí n ṣe. Ó ní, "N ò wá gba owó lọ́wọ́ yín. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dáhùn fún mi. Lọ́jọ́ tí mo mú un wá, mélòó nínú iṣẹ́ wọ̀nyí lẹ kà fún mi?"

Ọ̀kan péré ni mo kà fún un. Èmi tí mo ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn láti ọjọ́ yìí wá, tí mo ń fi gègé bú àwọn ọ̀gá tó ń lo òṣìṣẹ́ ní ìlò ẹrú, ẹnu mi wọ́hò. Ọ̀rọ̀ kan tí ìyá bàbá mi máa ń sọ nígbà ayé wọn ló sọ sí mi lọ́kàn: "Wọ́n wọn tèmi fún mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi tú wò lónìí.

IṢẸ́ TÓ NÍ ÌWỌ̀N

Ìwọ̀fà ni ìyá bàbá mi nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ọ̀pọ̀ nínú wa lóde òní ló rò pé ọ̀kan náà ni ìwọ̀fà àti ẹrú. Rárá o. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣiṣẹ́ Ọlọ́run ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ ní 1897. Ìwé náà sọnù, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ, ó sì jáde ní 1921. Nínú ìwé yẹn, Johnson là á yé wa pé à ń ra ẹrú ni, ṣùgbọ́n à ń yá ìwọ̀fà. Ọmọ bíbí ìlú ni ìwọ̀fà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láàárín ìlú kò sì yingin. Bí ẹnì kan bá yá owó, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé orí owó náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá san ojú owó ni iṣẹ́ parí, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tàbí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó? Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti là mí létí. Ọkùnrin tó bá jẹ́ ìwọ̀fà ń gbé inú ilé ara rẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìyẹn ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ márùn-ún ti àwa Yorùbá, yóò lọ sí oko olówó rẹ̀, yóò ro ilẹ̀ tó tó ọgọ́rùn-ún ebè iṣu. Bó bá ti pé ọgọ́rùn-ún, ó tán. Alágbára lè ṣe é tán kí oòrùn tó mú, kó kọrí sí oko tirẹ̀. Kódà, ẹni tára rẹ̀ le lè yá owó lọ́wọ́ ju olówó kan lọ, kó sì ṣe ti gbogbo wọn.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ebè ṣeé kà. Olówó kò lè dìde lọ́sàn-án kó ní ọgọ́fà lòun sọ, ìwọ̀fà náà kò sì lè ro àádọ́rùn-ún kó ní òun ti ṣe tán. Ojú àwọn méjèèjì ló wà lórí ilẹ̀ kan náà. Ìwọ̀n wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀n wà fún ẹni tó ni iṣẹ́.

Ọgbọ́n kejì ni ti onígbọ̀wọ́. Ojú ẹlẹ́rìí ni wọ́n ti ń ṣe àdéhùn náà. Bí ìwọ̀fà bá kọ̀ tí kò wá, olówó kò ní ẹ̀tọ́ láti nà án. Onígbọ̀wọ́ ni yóò ránṣẹ́ pè, òun ni yóò sì wá nǹkan ṣe sí i.

Ti ọmọdé yàtọ̀. Ọ̀dọ̀ olówó ni ọmọdé ń gbé, iṣẹ́ ilé ló sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n òfin wà fún ìyẹn pẹ̀lú. Johnson ní bí ọmọ bá kú sílé olówó, olówó gbọ́dọ̀ fi han àwọn òbí rẹ̀ pé kì í ṣe àìbìkítà òun ló pa á, àti pé òun wá ìwòsàn fún un. Bó bá sì fipá bá ọmọbìnrin lò pọ̀, owó rẹ̀ wọgbó nìyẹn.

N kò sọ pé ayé ìwọ̀fà dára o. Kí bàbá jẹ gbèsè, kí ọmọ máa fi ara san èlé, nǹkan ìbànújẹ́ ni. Ẹlòmíràn wọ inú rẹ̀ lọ́mọdé, ó dàgbà síbẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo olówó ló ń tẹ̀ lé òfin tó wà nílẹ̀. Nígbà tí ìjọba òyìnbó gbógun tì í títí tó fi kásẹ̀ nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sunkún rẹ̀. Ohun tí mò ń wí ni pé nígbà tí a sọ ìwọ̀fà nù, a sọ ìwọ̀n náà nù mọ́ ọn.

OHUN TÍ ÌYÁ BÀBÁ MI RÍ

Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, gbèsè wọ bàbá tó bí ìyá bàbá mi lọ́rùn. Ọmọ bí ọdún mọ́kànlá ni wọ́n nígbà tí wọ́n fi wọ́n sọ́dọ̀ oníṣòwò kòkó kan ní ìlú kejì. Ìyàwó oníṣòwò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Níwájú onígbọ̀wọ́, wọ́n ka iṣẹ́ ọmọ náà: kó máa gbé ọmọ pọ̀n, kó máa gbá àgbàlá láàárọ̀, kó máa pọn omi kún ìkòkò méjì. Ọjọ́ ọjà, kó lọ fojú kan ìyá rẹ̀.

Lọ́dún kan, kòkó so jìngbìnnì. Olówó ní kí ọmọ náà sọ ọmọ kalẹ̀, kó wá bá àwọn alárù ru kòkó wá sílé láti oko. Ọmọ náà kò fèsì. Nígbà tó dọjọ́ ọjà, ó sọ ọ́ fún onígbọ̀wọ́. Bàbá náà wá ní ìrọ̀lẹ́, kò pariwo, ó ní, "Ṣé kòkó wà nínú ohun tí a kà?" Wọ́n wo ojú ara wọn. Ìyá bàbá mi kò ru kòkó kankan. Ibẹ̀ ni "wọ́n wọn tèmi fún mi" ti wá.

Bí wọ́n bá ti sọ ìyẹn tán, wọ́n a tún sọ èkejì, kí á má baà rò pé dídùn ló dùn. Wọ́n ní àwọn ló ń jẹun kẹ́yìn. Wọ́n ní láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, àwọn sùn gbàgbé, wọ́n sì da omi tútù lé àwọn lórí. Wọ́n ní bí àwọn bá gbé ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n, tí ọmọ ọ̀hún sì sùn lọ, àwọn náà a máa sunkún ìyá tiwọn jẹ́ẹ́jẹ́. Àwọn àgbà kò parọ́: ẹrú kú, ìyá ò gbọ́; ọmọ kú, ariwo ta; ẹrú ṣe ọmọ nínú ìyá rẹ̀ rí.

KÚKÙ, SÍTÚỌ́Ọ̀DÙ ÀTI BỌ́YI

Ní ìgbà tí òyìnbó ń ṣèjọba, oríṣi iṣẹ́ ilé mìíràn dé. Ní Ìkòyí l'Ékòó àti ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ funfun ní ìlú mìíràn, iṣẹ́ ilé kan ṣoṣo lè ní ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kúkù ń se oúnjẹ. Sítúọ́ọ̀dù ń gbé oúnjẹ sórí tábìlì, ó sì ń nu ilé. Wọ́ṣámàn ń fọ aṣọ, ó ń lọ̀ ọ́. Gádínà ń tọ́jú òdòdó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bẹ lẹ́yìn tó ń la igi, tó ń fọ ìkòkò. Ẹ ní kí kúkù lọ fọ aṣọ, kẹ́ ẹ wá gbọ́ èsì! Yóò ní òun kò bá iṣẹ́ ìyẹn wá. Bí ọ̀gá bá sì ń padà sílùú rẹ̀, yóò kọ ìwé lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti fi wá iṣẹ́ mìíràn.

Ṣé ìyẹn náà wá dára tán ni? Kò dára tán. Ọkùnrin tó ti bímọ mẹ́fà, tí ewú ti gba orí rẹ̀, "bọ́yi" ni wọ́n ń pè é. Yàrá kékeré tó ń sùn lẹ́yìn ilé, "bọ́yisì kọ́tà" lorúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira ní 1960, tí àwọn èèyàn wa kó sínú ilé wọ̀nyẹn, a jogún bọ́yisì kọ́tà, a jogún ìpè náà, títí di òní ni àwọn bírìkìlà wa ṣì ń kọ́ ọ mọ́ ilé. Pípín tí wọ́n pín iṣẹ́ ni a kò jogún. Iṣẹ́ ẹni márùn-ún ni a dì, tí a gbé ru ẹyọ ẹnì kan, a wá fi ọmọ lé e lẹ́yìn.

ÌWÉ Ọ̀FẸ́ DÉ

Lápá ibòmíràn, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé ilé tíṣà, ilé àlùfáà àti ilé akọ̀wé, tí wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n ń gbé ọmọ, kí wọ́n lè rí ìwé kà. Ìwé ni owó oṣù wọn. Àwọn mìíràn sì wà tí ìbátan mú wá sí ìgboro tí wọn kò rí ìwé kà rárá. Nínú àwọn ọdún 1940, nígbà tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Donald Faulkner ń ṣe olórí iṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn àwọn ọmọdé l'Ékòó, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà di ọ̀rọ̀ ìjọba. Òfin lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé jáde ní 1943, nígbà tó sì di 1946 wọ́n de ìkiri ọjà fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14. Àwọn ìyálọ́jà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ náà sì fa àríyànjiyàn gidi.

Ohun tó wá yí ìwà ilé padà jù lọ ni ti ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní, 1955, tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ 456,600 ní 1954 di 811,432 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó bá wà ní kíláàsì, báwo ni yóò ṣe wà nílé ọlọ́mọ tí yóò máa gbé ọmọ? Ní 1976, ìwé ọ̀fẹ́ tún kárí gbogbo Nàìjíríà. Àwọn ìyá pẹ̀lú ti bọ́ sí ọ́fíìsì, wọ́n di tíṣà, wọ́n di nọ́ọ̀sì. Owó epo rọ̀bì wọ ìlú. Ẹni tí yóò gbé ọmọ di ohun àwárí.

Bó ṣe di pé à ń wá wọn lọ sí ọ̀nà jíjìn nìyẹn, títí dé òdìkejì ẹnubodè, ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Àwọn Fọ̀n ní Bẹ̀nẹ̀ ní orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, "vidomègon", ìyẹn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àṣà ìbátan ni níbẹ̀rẹ̀, kí ọmọ lè rí ẹ̀kọ́ kọ́. Owó wọ inú rẹ̀, ó bà á jẹ́. Ní oṣù kẹrin 2001, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Etireno gbé àwọn ọmọdé kúrò ní Kútọnu lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, wọ́n dá a padà, gbogbo ayé sì gbọ́. Ilé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ láti lọ ṣiṣẹ́. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn.

ÒFIN WÀ, ÌWỌ̀N Ń KỌ́?

Òfin Iṣẹ́ ti 1974 fún Mínísítà lágbára láti ṣe ìlànà lórí bí a ṣe ń gba àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, ibi tí wọ́n ń sùn àti bí iṣẹ́ wọn yóò ṣe rí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, ní a kò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 síṣẹ́ ilé lóde ilé tàbí ẹbí tirẹ̀. Ní 2011, Àjọ Àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe àdéhùn kan ní Geneva. Wọ́n ní kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ilé mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí, kó sì ní wákàtí 24 tó ṣù pọ̀ láti fi sinmi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ ọdún 19 ni èmi gbà. N kò rú òfin ọjọ́ orí. Síbẹ̀ ọwọ́ ọmọ mi jóná. Òfin kò lè wọ ilé ìdáná wa wá ka ebè fún wa.

Ẹ jẹ́ kí á ka á fúnra wa. Aṣọ tí a ń fọ̀ ní òpin. Abọ́ ní òpin. Ọmọ tó ń rákòrò kò ní òpin, ojú ni iṣẹ́ rẹ̀, bí ojú bá sì kúrò lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo. Èyí tó bá jẹ́ ti ọmọ, tirẹ̀ ni: oúnjẹ ọmọ, aṣọ ọmọ, ìgò ọmọ, ibi tí ọmọ ti ń ṣeré. Èyí ṣeé ṣe nígbà tí ọmọ bá sùn. Aṣọ bàbá àti ọjà ìyá kò sí níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ méjì, kí á pè é ní méjì, kí á san ti méjì, kí ẹlòmíràn sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe èkejì. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Ṣebí bí ọmọ la ṣe mú un, kí ló kàn án pẹ̀lú kíka iṣẹ́?" Ó dáa. Bí ibà bá ń ṣe ọmọ tiwa, ṣé à ń ní kó lọ pọn omi? Ọ̀rọ̀ "bí ọmọ" yìí, ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ la máa ń rántí rẹ̀, a kì í rántí rẹ̀ nígbà tí a bá ń bu ẹran.

Ẹ má sì di ẹ̀bi ru àwọn ìyàwó wa nìkan. Ìyàwó mi ń jí ní aago márùn-ún, ó rẹ̀ ẹ́, ẹrù tó pọ̀ lórí rẹ̀ ló ń sọ̀ fún ọmọ náà. Nígbà tí mo tún iṣẹ́ méjìlá náà kà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bi ara mi pé èwo ni tèmi nínú rẹ̀. Èmi ni mo ni mọ́tò. Èmi ni mo ni ṣẹ́ẹ̀tì. Abọ́ tí mo jẹun sí, n kì í gbé e kúrò níbi tí mo jókòó sí. Ká ní mo ti ṣe mẹ́ta péré, bóyá ìyàwó mi ì bá ráyè dá oníbàárà rẹ̀ lóhùn fúnra rẹ̀.

Èmi àti ìyàwó mi lọ bẹ ọmọbìnrin náà lábúlé wọn. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ kí wa, ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ọwọ́ Kẹ́hìndé ń kọ́, sà?" Mo san owó oṣù rẹ̀ tó kù fún un, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní kò sí nǹkan kan, òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n òun kò ní lè wá mọ́, òun ti ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. N kò lè bá a jà.

Ẹni tó wà lọ́dọ̀ wa báyìí, iṣẹ́ mẹ́rin la kà fún un lójú ẹni tó mú un wá, a kọ ọ́ sílẹ̀, a sì kọ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ mọ́ ọn. Mọ́tò mi, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́ ní àárọ̀ Sátidé. Àpá ṣì wà lọ́wọ́ Kẹ́hìndé.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rán ni náà, ẹ jẹ́ kó fi tọmọ rán an. Kí á tó gba ọmọ ọlọ́mọ sílé, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ka ebè fún un.